Omi nínú jíìpù tuntun
Òjò rọ̀ ní Kumasi mọ́jú òní. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn jíìpù wa ní Race Course láàárọ̀, kápẹ́ẹ̀tì iwájú ti rin gbingbin. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, omi yọ láàárín ìka mi. Ọkọ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta! Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti gbé e padà fún àwọn tó tà á fún wa. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á ní ó ti parí. Wọn ò wá ibi tómi ń gbà wọlé rí.

Suame Magazine ò jìnnà síbí, mẹkáníìkì kún ibẹ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ìta bá kan ọkọ̀ náà, àwọn tó tà á fún wa ní wáráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí: wọn ò tún un ṣe, wọn ò sì jẹ́ ká tún un ṣe.

Òfin ọjà títà ní Gánà, Act 137 ti 1962, kò fàyè gba àbùkù tí wọn ò sọ fún ẹni tó ń rajà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Lọ́la, òun àti fọ́tò kápẹ́ẹ̀tì yìí ni mò ń gbé lọ bá wọn.