Ìwé Tó Bára Mu Kò Tíì Tó

Orí ìdánwò ni iṣẹ́ ìṣirò owó tí àwa ń ṣe yìí gbà wọlé. Akíntọ́lá Williams yege ní ìlú Òyìnbó ní 1949, òun ló sì kọ́kọ́ di chartered accountant nínú ọmọ Nàìjíríà. Ní 1952 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Òfin fìdí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn chartered accountant, múlẹ̀ ní 1965. ANAN, ẹgbẹ́ oníṣirò owó kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, dúró di 1993 kó tó rí òfin tirẹ̀. Àwọn baba wa mọ owó kà ṣáájú gbogbo èyí o: ẹni tó ń ka owó ẹyọ dé ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, láìsí bírò lọ́wọ́, kì í ṣe òpè. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò tẹ̀ mọ́ wa létí ni pé kí ìwé ṣáà bára mu. Lójú tèmi, iyèméjì ló yẹ kí ẹ̀kọ́ másítà nínú ìṣirò owó fi kún un. Ìwé tí ìròpọ̀ rẹ̀ pé pérépéré náà ṣì ní ìbéèrè tó yẹ kó dáhùn.

Àṣírí Cadbury Nigeria tú ní 2006 pé èrè tí wọ́n ti ń kọ sínú ìwé ju èyí tí wọ́n jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ (CBN) nígbà náà, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, CBN sì fi bílíọ̀nù 420 náírà ti àwọn báńkì náà lẹ́yìn kí wọ́n má baà wó. Àwọn náà ní ìwé tí ọ́dítọ̀ ti wò. Ìwé ẹ̀rí kọ́ ni kò sí níbẹ̀.

Wọ́n á ní kí lèyí kan oníṣòwò Ìkòtún. Ó kàn án gan-an! Nínú ìkànìyàn 2006, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n kà ní Alímòṣọ́ tí Ìkòtún wà, àwìn sì ni púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fi ń tajà. Bí ọjà tí alágbàtà kan ń tà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i, tí gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìwé á ní ó jèrè, àpótí sì lè ṣófo. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò tó ń pín èrè láì yọ gbèsè tí kò ní wọlé mọ́ kúrò, owó táwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá ló ń dá padà fún wọn.

Àtakò tó lágbára jù sí ẹ̀kọ́ másítà ni pé ìdánwò ICAN ti tó, pé owó másítà wọ́n. Ì bá rí bẹ́ẹ̀ tí òǹkà wa bá ṣì jẹ́ ohun tí a kà nìkan. Ṣùgbọ́n láti 2012 tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí lo IFRS, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, àfojúbù ń pọ̀ sí i nínú ìwé; láti 2018, báńkì gbọ́dọ̀ fojú bu gbèsè tó máa bàjẹ́ kó tó bàjẹ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ irú àfojúbù bẹ́ẹ̀ wò nílò ìmọ̀ ìṣirò àti ìwádìí tí àkókò ìdánwò kì í gbà. Bí kíláàsì kan bá wá ń tún iṣẹ́ ICAN kà fúnni lásán, kí onítọ̀hún tọ́jú owó rẹ̀.