Ẹnu Ihò Kékeré

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí ojú kò rí kò lè pani lára, kó wá gbọ́ tèmi.

Hándù ọ̀kadà mi wọ́, mo ra tuntun. Mo ní kí mẹkáníìkì wa ní Èpé fa wáyà iná gba inú rẹ̀, kó lè dùn ún wò. Ó lu ihò sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi fáìlì ha ẹnu ihò yìí, kí n fi rọ́bà sí i."

Mo ní, "Fi sílẹ̀ jàre! Èrò ti ń lọ sí Ọjà Olúwo."

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, mo gbé ìyá ẹlẹ́ja kan. Bí mo ti ní kí n yà sọ́nà ọjà, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀, iná sì kú! Gọ́tà ló gbà wá. Ìyá kò fara pa, àmọ́ ẹja dà sínú ẹrẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, owó àjọ mi ni mo fi rà á o."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo san án.

Gbogbo ìgbà tí mo bá yí hándù ni ẹnu ihò yẹn ń rẹ́ ara wáyà, títí ó fi bó tó ń kan irin. Mẹkáníìkì tún un ṣe: ó tú bátìrì, ó ha ẹnu ihò títí ó fi dán, ó fi rọ́bà sí i, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ fa wáyà tuntun kọjá. Ó jẹ́ kí wáyà dẹ̀ díẹ̀, ó yí hándù sọ́tùn-ún dópin, ó yí i sósì dópin, kó tó dì í.

Láti ọjọ́ náà, èrò kì í gun ọ̀kadà mi kí n tó yí hándù lọ, kí n yí i bọ̀. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́ja kì í rẹ́rìn-ín.