Ilẹ̀ bàbá wa àti gbèsè báǹkì

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó kan gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìgbèríko.

Àwa olùkọ́ mélòó kan pinnu láti yá owó, kí olúkúlùkù kọ́ ilé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Owó oṣù wa ń wọlé déédéé, a kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Nígbà tí a dé báǹkì, wọn kò tíì béèrè iye tí à ń gbà tí wọ́n fi ní: titre foncier yín dà? A mú attestation de détention coutumière tí a gbà ní mairie jáde. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Owó tí wọ́n lè yá wa lórí owó oṣù nìkan, ọdún díẹ̀ la ó fi san án, kò sì lè ju ògiri lọ. Òrùlé kò sí nínú rẹ̀.

Báǹkì kọ́ ló dá òfin yìí sílẹ̀. Òfin OHADA lórí ohun ìdógò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, sọ pé ilẹ̀ tó ti wà nínú ìwé ìjọba la lè fi ṣe hypothèque. Òun ni wọ́n ń lò ní Benin àti ní Tógò. Òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, sọ pé titre foncier ló ń fi hàn pé ilẹ̀ di tẹni pátápátá. Attestation ń jẹ́rìí pé a mọ ilẹ̀ náà mọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ṣì lè jiyàn.

Ọmọ wa kan tó wà ní Amẹ́ríkà ra ilé ní ìlú kékeré kan láì san owó ìṣáájú kankan. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, ló ṣe onídùúró fún un. Ìlú náà kò gbọdọ̀ ní ju 35,000 ènìyàn lọ, owó tó ń wọ ilé wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá 115 nínú 100 iye tí ìdílé àárín ń rí ní agbègbè náà. Ó sì gbọ́dọ̀ gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀. Ó wù wá gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í dáadáa, a rí i pé báǹkì ni ìjọba dúró fún, kì í ṣe ẹni tó yáwó. Bí onílé kò bá rí owó san, ilé lọ nìyẹn.

Èyí ló mú wa rántí ohun tí àgbà kan sọ nígbà tí ìdílé jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa. Ó ní: “Bí ẹ kò bá rí owó san, ṣé báǹkì yóò ta ibi tí a sin bàbá yín sí?” Gbogbo wa dákẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láyé àwọn baba wa, ilẹ̀ tí a fi dógò kì í bọ́ títí láé. Ìgbàkígbà tí a bá rí owó la lè gbà á padà. Hypothèque kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè di títà.

Nítorí náà, a kò ní fi agboolé dógò. Ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí ìdílé gé ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí sọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé conseil de famille, kó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan la ó gba titre foncier fún. Ojú oórì àti ojúbọ yóò wà lóde ààlà.

Àwọn ọmọbìnrin ilé náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ìdílé ti ọdún 2004 fún wọn ní ẹ̀tọ́ ogún bíi ti ọkùnrin. Ẹni tí a bá fò dá lónìí ni yóò gbógun dìde lọ́la, nígbà tí ANDF bá kéde pé kí ẹni tó bá ní àtakò wá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sì tètè ṣe é nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láyé. Bí ìdílé mẹ́ta mẹ́rin bá dáwó jọ, géomètre kan lè wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìjọba kò pọ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé ní Ouèdo lẹ́bàá Kútọnù, ó dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó wà ní abúlé Kétu kò lè máa ti Ouèdo wá kọ́ ọmọ níwèé. Kí wọ́n ṣe onídùúró fún àwa náà níbi tí a wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba titre foncier lórí ilẹ̀ ìdílé, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ló ná yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa, kí a má baà ṣìnà.