Ojú Ọlọ Lórí Òkè Ìdáàṣà

Ẹni tí a bí sí Ikpinlè kò mọ òkè àfi nínú ìwé. Ilẹ̀ pupa tó tẹ́ rẹrẹ ni tiwa, ilẹ̀ ọ̀pẹ àti àgbàdo, níbi tí ó jẹ́ pé orí ebè ni ọmọdé ti ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, tí mo sì ń fi ẹfun ya òkè sí ojú pátákó fún wọn. Nígbà ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, àwa olùkọ́ mẹ́fà dá owó jọ, a gba afinimọ̀nà kan, a sì lọ fi ẹsẹ̀ rin àwọn òkè Ìdáàṣà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdáàṣà yìí ni ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumé, ní ẹkùn Collines, nǹkan bí igba kìlómítà sí àríwá Kútọnu. Òkè 41 ni àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó yí i ká. Èmi kò kà wọ́n. Lẹ́yìn ìkẹta, orúnkún ni mo ń kà. Òkúta ńláńlá ni wọ́n, tí wọ́n yọ gègèrè láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀yìn erin. Ọ̀pọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ mọ ẹsẹ̀ òkè náà, nítorí pé lóṣù kẹjọ ọdọọdún ni àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo. Àwọn tó mọ orí òkè kò tó nǹkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni afinimọ̀nà wa. Sílípáàsì ni ó fi ń gun ibi tí àwa ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá. Ó ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ní èdè Faransé: àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, àwọn ará Ìdáàṣà sá gun òkè, Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, ọ̀nà sì là, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. « Se réfugier » ni ọ̀rọ̀ tí ó ń lò, òun náà ni ó sì wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni: sísá àsálà.

Lọ́jọ́ kejì a dé ibi abúlé àtijọ́ kan. Òkúta tí wọ́n tò fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ṣì wà lójú kan, àpáàdì fọ́n káàkiri, igi osè mélòó kan sì dúró bí onílé tí kò bá àwọn yòókù lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ń já ewé osè. A kúnlẹ̀ kí i: « Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. » Ìdáàṣà ni ó fi dá wa lóhùn, Nàgó ni àwa ń sọ, ibi tí etí kò bá gbọ́, a ó ní kí ó tún un sọ. Láti ìgbà náà, Faransé di ẹrù inú àpò.

Ó mú wa lọ sí ojú àpáta kan tí ihò gbọọrọ gbọọrọ pọ̀ lórí rẹ̀, tó jinlẹ̀ tó ìbú ọwọ́. Ojú ọlọ ni. Ó ní èyí jẹ́ ti ìyá ìyá ọkọ òun. Àwọn mẹ́rin tó wà létí ara wọn jẹ́ ti àwọn ìyàwó agbo ilé kan, tí wọ́n jọ ń lọ ọkà, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn. (Ó rẹ́rìn-ín débi pé igbá ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Mo bi í pé: « Ìyá, ṣé ẹ̀rù ni ó lé wọn gòkè? »

Ó wò mí. « Ẹni tó ń sá, ṣé ó máa ń lọ ọkà títí òkúta yóò fi jẹ ihò? »

Mo bi afinimọ̀nà ìdí tí kò fi sọ èyí fún wa. Ó ní orúkọ ọba, ọdún àti gíga òkè ni àwọn àlejò máa ń béèrè. Kò tíì sí ẹni tó béèrè ọlọ. Ó tún ní bí òun bá sọ ọ́ ní Faransé, ó máa ń di ìtàn àwọn tí a lé kúrò nílé, nígbà tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ilé.

Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, nítorí àwa náà ní irú rẹ̀. Ní apá Pobè àti Adja-Ouèrè, àwọn Ọ̀họ̀rí tẹ̀dó sí ilẹ̀ dúdú tó ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, apá kan ilẹ̀ ọ̀gbun tí a ń pè ní Lama. Ẹrẹ̀ ni Lama túmọ̀ sí lédè Potogí. Kétu ní odi àti ẹnubodè Àkàbà Ìdènà, síbẹ̀ Dàhọ̀mì pa á run ní 1886. Ẹrẹ̀ ni odi ti Ọ̀họ̀rí. Nígbà tí Faransé ń fi ipá gba owó orí tí wọ́n sì ń kó ọ̀dọ́ lọ sógun, Ọ̀họ̀rí dìde ní 1914 sí 1915, ẹrẹ̀ náà sì ṣe wọ́n lóore. Lónìí, ẹrẹ̀ yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ń fi bú ọmọ Ọ̀họ̀rí ní kíláàsì mi. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń búni àti àwọn tí a ń bú jọ fi ọwọ́ kan ojú ọlọ wọ̀nyẹn.

A ti bá afinimọ̀nà ṣe àdéhùn fún ọdún tó ń bọ̀: Faransé ní ẹsẹ̀ òkè, nítorí ìdánwò, Ìdáàṣà lókè. Owó ọkọ̀ ni a kò tíì rí. Ìyá ní òun yóò se ọbẹ̀ ewé osè fún àwọn ọmọ bí wọ́n bá gbé gàrí wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú àpáàdì lọ, ìbáà kéré bí èékánná, nítorí ẹrù ilé ọkọ òun ni.