Ọjọ́ Ló Ṣáájú Ni, àbí Oṣù?

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, Nàìjíríà gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé Ìdí-Ìrókò tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà kọ méjèèjì á kọ 1/8/1960 àti 1/10/1960. Akọ̀wé Ìgòlò tó wà lódìkejì bọ́dà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ wá gbé ìwé kan náà fún ará Amẹ́ríkà: lójú tirẹ̀, oṣù kìíní ọdún ni orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira, ọjọ́ méjì péré ni ọ̀kan sì fi ṣáájú èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilẹ̀ Yewa tó wà létí bọ́dà náà ju bí wọ́n ti rò lọ. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fọwọ́ sí àdéhùn ààlà, ohun tó ya ẹni tó ń gbé Kétu sọ́tọ̀ kúrò lára ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ kò kéré. Owó yàtọ̀, èdè ilé ìwé yàtọ̀. Títí di ọdún 1972, apá òsì títì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, tí ti òdìkejì sì ń gba apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n déètì kò yà wọ́n. Ọjọ́ ni Faransé ń kọ́kọ́ kọ, oṣù á tẹ̀ lé e, ọdún á kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹnu Yorùbá ń pè é. Ìyá oníṣòwò tó ra ọjà ní Pọ́bẹ̀ lè ka déètì orí rìsíìtì rẹ̀ nílé ní Ìlaròó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ni ètò kejì ti wá. July 4, 1776 ló wà lórí ìwé òmìnira wọn, oṣù ṣáájú ọjọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un. Nígbà tí wọ́n yí padà, àwọn tó ti sọdá òkun kò bá wọn yí. Ọmọ Nàìjíríà náà sì ń sọ ọ́ lẹ́nu. June 12 ni tọmọdé tàgbà ń pe ìdìbò MKO Abíọ́lá tí ìjọba ológun fagi lé ní 1993, June 12 náà sì ni ìjọba àpapọ̀ sọ di Àyájọ́ Ìjọba Àwaarawa ní 2018. Ẹnu gba méjèèjì. Nọ́ńbà lásán ni kò gbà á, torí 12/6 kò lè sọ fúnra rẹ̀ èwo ni oṣù.

Amẹ́ríkà kì í ṣe àjèjì ní Yewa. Ìrànwọ́ wọn àti ti Yunifásítì Harvard wà nínú bí wọ́n ṣe dá Comprehensive High School Ayétòrò sílẹ̀ ní 1963. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá kọ déètì bíi ti Amẹ́ríkà ṣeé bi léèrè. Kọ̀ǹpútà kò ṣeé bi.

Ẹ yà sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic ní Ìlaròó. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló gbé ètò Amẹ́ríkà wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó yí i padà. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé tẹ 13/4/2005 sínú Excel. Kọ̀ǹpútà wá oṣù kẹtàlá tì, ó sì fi í sí apá òsì bí ọ̀rọ̀ lásán. Ó tẹ 3/4/2005 tẹ̀ lé e: èyí bọ́ sí apá ọ̀tún wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kẹrin ti di ọmọ oṣù kẹta nìyẹn. Àṣìṣe tó bá hàn, èèyàn á tún un ṣe; èyí tó dákẹ́ ló ń bá ọmọ lọ dé ìdí NIN, dé báǹkì, dé JAMB. Owó tí wọ́n sì ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN ju ti àtúnṣe orúkọ lọ fíìfíì.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ọjọ́ tó bá ti ju méjìlá lọ nínú oṣù kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ 144. Ká yọ méjìlá tí nọ́ńbà ọjọ́ àti ti oṣù bá ara mu, bíi 7/7, ó ku 132. Ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún lọ. Agolo mílíìkì ọmọdé tí wọ́n tẹ 05/09 sí nídìí, bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, oṣù karùn-ún ló ti parí, oníṣọ̀ sì lè máa tà á títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹnu ọmọ ọwọ́ ló ń lọ.

Ètò kẹta fi ọdún ṣáájú. Ṣáínà àti Jàpáánì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àjọ ISO sì sọ ọ́ di ìlànà àgbáyé ní 1988: 2005-04-03. Ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ ará Yewa láìmọ̀, torí nínú ìlà méjì tó kún fún àmì << nísàlẹ̀ ojú ewé pásípọ́ọ̀tù, ọdún, oṣù, ọjọ́ ni wọ́n ṣe to ọjọ́ ìbí.

Síbẹ̀, yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń béèrè ní bọ́dà, ló mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n kọ ọjọ́, oṣù, ọdún, kí wọ́n sì fi lẹ́tà kọ oṣù. Ìdí wà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí èèyàn gba abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà déètì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìtumọ̀ méjì.

Fífi lẹ́tà kọ ọ́ ní ìṣòro tirẹ̀ níbi tí èdè méjì ti pàdé. Ará Ìlaròó á ní láti mọ̀ pé août ni August. Juin àti juillet ló le jù, torí ẹni tó bá gé méjèèjì sí "jui" ti bà á jẹ́. Àwọn Faransé fúnra wọn máa ń kọ juin ní kíkún, wọ́n á sì gé èkejì sí juil. Oṣù méjìlá péré ni, ọmọ iléèwé á há wọn sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yẹ kí àwọn káńsù, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé Yewa ṣe kò le: kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ oṣù nínú fọ́ọ̀mù wọn. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwé tó kù ti ń da tirẹ̀ kọ.