Ìmọ̀ràn Lẹ́yìn Ìpinnu

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní ọdún 2022, Bọ́lá Ahmed Tinúbú lọ rí Ààrẹ Muhammadu Buhari ní Àbújá. Nígbà tó jáde, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti fi tó Ààrẹ létí pé òun fẹ́ dupò ààrẹ, pé òun ṣì ń kàn sáwọn èèyàn kóun tó kéde rẹ̀ fáráyé. Consult ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lò. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ tó fi rò pé ọkùnrin náà ń wá ẹni tó máa sọ fún un bóyá kó dupò tàbí kó jókòó sílé. Kì í kúkú ṣe òun nìkan. Láti orí ẹni tó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ dé orí ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà, bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ jáde, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Mo ṣì ń consult." Gbogbo wa la gbọ́ wọn yé. Ìpinnu ti wà nílẹ̀, owó ló kù tí wọ́n ń wá, àti àwọn tó máa tò sẹ́yìn wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ò mú ẹ̀tàn dání látilẹ̀ wá. Bí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lò ó, èèyàn lè consult dókítà, ó lè consult lọ́yà, ó lè consult ìwé atúmọ̀ èdè, kódà ó lè consult aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan rú lójú ló ń lọ síbi tí ìmọ̀ wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń fi with sí i nígbà tó bá jẹ́ pé ẹni méjì tó jọ mọ iṣẹ́ ló jókòó fikùn lukùn. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olóṣèlú ti rí àyè wọlé: kò sọ pé dandan ni kí ẹni tó béèrè ṣe ohun tí wọ́n wí fún un.

Àwọn tó ń kọ òfin mọ èyí bí ẹní mowó. Abala 154 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí Ààrẹ consult Council of State kó tó yan alága tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ àjọ elétò ìdìbò, INEC, àti ti àjọ tó ń ka iye ènìyàn. Ẹ wo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà: gbogbo ẹni tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, àwọn tó ti jẹ́ Adájọ́ Àgbà rí, gbogbo gómìnà. Síbẹ̀, abala náà ò sọ pé kí Ààrẹ gba ohun tí wọ́n bá sọ. Bó bá ti bi wọ́n, ó ti ṣe ti òfin. Sẹ́néètì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ló lágbára láti sọ pé àwọn ò gbà. Àgbà tí wọ́n bi léèrè lásán ni àwọn tó kù.

Látinú èdè Látìnì lọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ìlú Róòmù àtijọ́, ìgbà tí wọn ò tíì ní olú-ọba, senatus consultum ni wọ́n ń pe ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà bá fẹnu kò sí. Ní ti òfin, ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ń fún àwọn olóyè tó ń ṣàkóso. Ní ti àṣà, ẹni tó bá kọ etí ikún sí i ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ní Ọ̀yọ́ Ilé tiwa, àwọn méje ló wà láyìíká Aláàfin: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìíni, Lágùúnà, Akínìkú àti Aṣípa. Ọba kì í dá ṣe nǹkan lẹ́yìn àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì wọ̀nyí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá burú tán, wọ́n lè ní kí ó ṣígbá wò, kí ó sì sùn. Ẹ óò ní irú ìmọ̀ràn yìí ló yẹ kó wà, kí ẹni tí wọ́n ń gbà níyànjú máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Gáhà náà fi agbára yìí kan náà rán ọba lẹ́yìn ọba lọ sálákeji, kó tó di pé Aláàfin Abíọ́dún rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọdún 1774. Ìdí nìyí tí mi ò fi rò pé fífi ipá múni gba ìmọ̀ràn ni ojútùú. Ohun tí mò ń wò ni àsìkò tí èèyàn wá béèrè, àti ohun tó gbé sínú wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ránṣẹ́ pè wá sí ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní ká wá fikùn lukùn. A débẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n fún wa ní omi àti mọ́ọ̀tì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní ohun táwọn rò ni pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí apá iwájú ilẹ̀ náà, wọ́n wá ní, "Kí lẹ̀yin náà rí sí i?" Kí a tó wọlé ni gbogbo wa ti gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì yanrìn tí típà ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ kọjá. Búlọ́ọ̀kù ti wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá ògiri, wọ́n ti fi ọ̀rá bo irin. Ìyá kékeré, àbúrò bàbá mi obìnrin, gbé ife omi sílẹ̀, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Bùọ̀dá mi, bá a bá sọ pé a ò fẹ́ ńkọ́, ṣé búlọ́ọ̀kù yẹn máa padà síbi tí ẹ ti rà á?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. A fọwọ́ síwèé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ká sọ tòótọ́, ṣọ́ọ̀bù náà ò burú. Ká ní wọ́n bi wá kí típà tó dé, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wa gbà láìjanpata. Ohun tó dun Ìyá kékeré ni pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè wọ́n wá jẹ́, tí wọ́n sì ń pè wọ́n ní olùdámọ̀ràn. Bí ọ̀la bá dé tí ọ̀rọ̀ wá dàrú, wọ́n á ní, "Ṣebí gbogbo wa la jọ jókòó?" Ẹnu tiwọn ni wọ́n máa fi ti ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu wọn jáde.

Nígbà tí mo bá ń ro irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀nà tí àwọn babaláwo ń gbà dá Ifá máa ń wá sí mi lọ́kàn, nítorí ó dà bíi pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wa. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò kì í ro ẹjọ́ fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tó gbé e wá fún owó náà wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Babaláwo yóò júbà, yóò fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan owó yẹn, yóò sì jù ú sílẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bí àwọn kan bá ṣe ṣí, tí àwọn kan dojú dé, ni yóò fi mọ èyí tó jáde nínú odù 256. Yóò wá máa ki ẹsẹ odù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ yóò fi gbọ́ èyí tó bá ohun inú rẹ̀ mu. Ẹni tí kò mọ ohun tí o fẹ́ gbọ́, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ fún ọ kí inú rẹ lè dùn?

Ẹ tún fetí sí àwọn ẹsẹ yẹn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló jẹ́ ìtàn ẹni tó lọ béèrè: orúkọ àwọn awo tó dá a, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìṣòro tó gbé e lọ, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí UNESCO kéde lọ́dún 2005 pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun ribiribi tí aráyé jogún látẹnu dé etí, àkójọ ìtàn àwọn tó wá ìmọ̀ràn ni, títí kan àwọn tí wọ́n gbà nímọ̀ràn tí wọn ò gbọ́. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn baba wa lẹ́rú lọ, Ifá ṣì ń fọhùn, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ń pe ìjókòó níwájú babaláwo ní consulta. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan náà ló gba ọ̀nà Sípéènì dé Havana, ó wá bá ọ̀pẹ̀lẹ̀ pàdé. Ní ọjọ́ kìíní ọdún, àwọn babaláwo ibẹ̀ máa ń kéde odù tó jáde fún ọdún tuntun.

Ti ilé ìwòsàn yàtọ̀. Dókítà ò lè dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, ohun tí o bá sọ fún un ló ní lọ́wọ́. Mo wà lórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ kan ní ilé ìwòsàn kan tí ilẹ̀kùn yàrá dókítà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Dókítà ń bi ìyá àgbàlagbà kan pé, "Mà á, kò sí nǹkan kan tí ẹ ti lò kí ẹ tó wá?" Ìyá ní, "Rárá o, dókítà." Ọmọ wọn obìnrin tó dúró tì wọ́n bojú wolẹ̀, ó ń fi ìka fa etí káàdì. Nígbà tí wọ́n jáde ló rọra sọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin Màámi yìí, gbogbo àgbo inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ńkọ́?" Ìyá dá a lóhùn pé, "Ṣé kó wá máa pariwo mọ́ mi?" Mi ò bá ìyá wí nínú ọkàn mi, nítorí mo ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń jágbe mọ́ aláìsàn. Àmọ́ àgbo kan lè bá oògùn òyìnbó jà nínú ara, dókítà sì ti kọ oògùn láìmọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dá lórí ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé lọ sílé.

Fóònù ọwọ́ wa náà ti di ẹni tí à ń bi léèrè ní òru. Kì í jágbe mọ́ni, ìyẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kọ sínú Google pé "ìdí tó fi dára kí èèyàn fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀" yóò rí ìdí mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ "ìdí tí kò fi dára" náà yóò rí tirẹ̀. Ìyá kékeré á ti kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé, bóyá búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi lónìí pé òun fẹ́ gba ìmọ̀ràn, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: kí lo ti san owó lé lórí? Ta lo ti ṣèlérí fún? Bó bá jẹ́ pé ó ti gbé e dé ibi tí kò ṣeé padà, mo máa ń sọ fún un pé ṣe ló wá fi tó mi létí, mo dúpẹ́, Ọlọ́run á tì í lẹ́yìn. Ohun iyì ni kí wọ́n fi nǹkan tóni létí láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ló ti ṣẹlẹ̀ nítorí pé wọn ò sọ fún ẹnì kan kó tó gbọ́ ọ níta. Ẹni tó bá ti pinnu kò jẹ̀bi, kó ṣáà pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Ẹni tí kò bá tíì pinnu, kó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan kẹ́ẹ̀gì àgbo, kó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun lè gbọ́ tóun á fi yí padà. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá sí, kò tíì béèrè nǹkan kan.

Àwa tí wọ́n ń bi náà ní tiwa láti ṣe. Àwa la máa ń sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ẹ," tí a sì máa ń bínú bí wọn ò bá ṣe ohun tí a wí, bíi pé a ti di Ọ̀yọ́ Mèsì lé wọn lórí. Òmìnira tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún ẹni tó béèrè, tí àwọn olóṣèlú sọ di ẹ̀tàn, mo gbà pé ó tọ́ sí i, nítorí òun ló máa gbé ìpinnu náà kiri. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá, ẹni tí wọ́n ní kó rúbọ tí kò rú u máa ń padà wá lẹ́yìn tójú rẹ̀ ti rí màbo. Àwọn awo kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n á tún dá a fún un.