Aya Tí Ń Lọ sí Òkè Òkun àti Ẹ̀rọ Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọ̀wọ́n, bí ọkọ bá ránṣẹ́ sí yín pé àkókò tó láti wá bá òun ní Ìlú Ọba, mo mọ ohun tí ẹ óo kọ́kọ́ dì sínú àpótí. Ẹ óo di gààrí, ẹ óo di èlùbọ́, ẹ óo gún ata, ẹ óo sì fi gèlè àti ìró bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ni yóò bá yín wí? Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dì dáradára, bẹ́ẹ̀ òun ni a óo lò jù lọ. Ẹrù náà ni fóònù ọwọ́ wa àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ilé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín lóṣù yìí, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ní ọdún tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní London, Peckham ni èmi àti ọkọ mi gbé, pẹ̀lú ọmọ wa obìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì. Apá gúúsù odò Thames ni Peckham wà. Ẹni tí ó bá gba Rye Lane kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò rò pé ọjà ilé ni òun wà. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí àtẹ, òórùn ẹja gbígbẹ gba ojú ọ̀nà kan, àwọn ìyá sì ń ná ọjà ní èdè Yorùbá. Láàrin ìsọ̀ ẹran àti ìsọ̀ aṣọ ni àwọn tí ń tún fóònù ṣe jókòó sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ìdí rẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Iléṣà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ìyá wa dè, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, owó sì gbọ́dọ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Abọ́ ni mo ń fọ̀, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Ọmọ fà mí láṣọ, fóònù sì yọ̀ bọ́ sínú omi ọṣẹ. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ayé mi ni mo ti kó sínú ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ òru, èmi aya rẹ̀ kò sì mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí. N kò mọ ti àbúrò mi pẹ̀lú. Owó mi wà ní báńkì nílé, ṣùgbọ́n báńkì náà kì í jẹ́ kí owó jáde àfi bí ó bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí ìlà mi ti Nàìjíríà. Inú fóònù tí ó kú náà ni ìlà ọ̀hún wà.

Mo pọn ọmọ, mo ní kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ọkọ mi. Mo na owó ẹyọ sí awakọ̀, ó mi orí. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì ni wọ́n ń gbà, tàbí fóònù tí a so mọ́ báńkì. Fóònù ni mo ti fi ń san owó ọkọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, káàdì mi sì wà nílé, ní ìsàlẹ̀ àpótí. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omijé.

Ìyá Ìjẹ̀bú kan tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ni ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyàwó, kí ló dé tí o ń sunkún nínú òtútù? Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ o!"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi. Màmá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọlé, ó mú fóònù àtijọ́ onítẹ̀ẹ́tẹ̀ kan jáde, ó ní kí n yọ káàdì síìmù mi, kí n nù ún gbẹ, kí n fi sí i. Kò pẹ́ tí ó fi dún. Àbúrò mi ni, ó ti ń pè mí láti ìgbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọkọ mi dé, a ṣí báńkì lórí fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà àṣírí sì bọ́ sórí fóònù Màmá. Owó dé, wọ́n tọ́jú ìyá wa, ó sì ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé òru náà.

Ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ìyàwó ilé kì í kó gbogbo oúnjẹ ilé sínú àpò kan ṣoṣo, kí eku má baà fi alẹ́ kan sọ ilé di ilé ebi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ yín, ti òbí, ti ilé ìwé ọmọ àti ti dókítà sínú rẹ̀. Ẹ kọ́ nọ́ńbà ọkọ yín sórí pẹ̀lú. Ẹ fi káàdì báńkì sínú pọ́ọ̀sì yín nígbà gbogbo, kí ẹ sì ní fóònù kejì tí kò wọ́n, kí ó wà nílé.

Ẹ má jẹ́ kí ìlà Nàìjíríà yín kú. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí ẹ kò fi í ṣe ohunkóhun tí ń mú owó wọlé fún ilé iṣẹ́ tí ó ni ín, wọ́n lè pa á. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn, tí ọ̀rọ̀ báńkì yín yóò máa lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Ẹ fi í pe ìyá yín lóòrèkóòrè, ẹ óo ti tọ́jú ìlà, ẹ óo sì ti tọ́jú ìyá.

Ìwé ìgbélùú náà ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí ọdún 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ń fi èyí tí wọ́n ń pè ní eVisa rọ́pò káàdì ìgbélùú. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà àti ímeèlì tiyín gan-an ni ẹ fi ṣí i, kì í ṣe ti aṣojú tí ẹ sanwó fún. Ẹni tí ó bá di kọ́kọ́rọ́ ilé mú ni ó ní ẹnu ọ̀nà.

Ní ti ẹ̀rọ ilé, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ ń lò nílé yóò ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, nítorí iná 230 fóltì ni ibẹ̀ àti ìhín ń lò. Ṣùgbọ́n 120 fóltì ni ti Amẹ́ríkà. Áyọ́ọ̀nù ilé yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbẹ̀ ni, ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ bá sì rà wá láti ibẹ̀ lè jóná mọ́ yín lọ́wọ́ nílé. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó kì í bọ iná. Èyí tí a bá kọ 100-240V sí lára, bí ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù, kò sí ìlú tí kò lè bá mu.

Ní ìparí, ẹ óo rí ẹ̀rọ róbótó kan ní òkè àjà tí í han gooro bí ẹ bá ń dín dòdò. Ẹ má yọ bátìrì rẹ̀ nítorí ariwo. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dín iná kù. Ẹ má sì ṣe dáná èédú nínú ilé láé nítorí òtútù, nítorí afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ẹ̀rọ dára, ìránṣẹ́ ni kí a fi í ṣe. Bí ẹ ti ń di èlùbọ́ yín, ẹ rántí di ìwé kékeré náà mọ́ ọn. Àlọ ire, àbọ̀ ire ni fún gbogbo yín.